Èkúté Tí Kò Dàgbà Ni Ó Pẹ́ Jù Láyé

Ọjà kan wà tí ó ń tà gan-an ní ìgboro lóde òní, ọjà náà ni ìgbà èwe. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹnìkan yóò dìde dúró láàárín èrò, yóò gbé ìgò sókè, yóò ní bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tí ó bá mu ún yóò máa sáré bí ọmọ ogún ọdún. Bí ẹ bá ṣí fóònù yín, wọ́n ti gbé tiwọn dè yín níbẹ̀: ìyẹ̀fun, kóró oògùn, abẹ́rẹ́. Gbogbo wọn ni wọ́n ní ó ń bá jíìnì inú ara sọ̀rọ̀ kí ara má gbó mọ́. Nígbà tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, wọn a ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti dán irú rẹ̀ wò lára èkúté, èkúté náà kò sì kú bọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ èkúté yìí ni a fẹ́ bá yín yẹ̀ wò, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí ó wà níbẹ̀ kọ́ ni ọlọ́jà ń tà. Lójú tiwa, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú wọn ń tà, owó tí ìyá àgbà ìbá fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni jíìnì? Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Ara wa jẹ́ àkójọ àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn dókítà ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ìwé àṣẹ kan wà tí a jogún ìdajì rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà ni jíìnì. Ti ènìyàn tó nǹkan bí 20,000. Ti èkúté náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ ni ó sì ní irú rẹ̀ lára wa. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń yẹ èkúté wò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ nípa ènìyàn. Ìdí kejì ni pé èkúté kì í pẹ́ láyé. Ní ọdún méjì sí mẹ́ta, ó ti di arúgbó: irun rẹ̀ ti ń re, ìrìn rẹ̀ ti ń falẹ̀, jẹjẹrẹ ti ń yọ sí i lára. Ohun tí ọmọ onímọ̀ kan ìbá jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kí ó tó rí ìparí rẹ̀ lára ènìyàn, ọdún mẹ́ta ni yóò fi rí i lára èkúté.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a mú dání kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Níní jíìnì ọ̀tọ̀, kí jíìnì máa ṣiṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹ wo ilé ńlá kan ní alẹ́. Gbogbo yàrá ni ó ní àtùpà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni a tàn. Ti ilé ìdáná ń jó geere, ti yàrá àlejò wà ní pípa, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a yí òwú rẹ̀ wálẹ̀ kí epo má bàa tán. Bẹ́ẹ̀ ni ara rí. Sẹ́ẹ̀lì ojú àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní ìwé àṣẹ kan náà, àtùpà tí a tàn nínú wọn ni kò bára mu. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, àwọn àtùpà kan tí ó yẹ kí ó wà ní títàn a máa rẹ̀ wálẹ̀, àwọn kan tí ó yẹ kí a ti pa a sì máa jó lọ. Apá kan pàtàkì nínú ohun tí a ń pè ní ogbó nìyẹn.

Ní ọdún 1982, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, Richard Palmiter àti Ralph Brinster, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe ohun kan tí ó ya ayé lẹ́nu. Wọ́n mú jíìnì omi ìdàgbà lára eku ńlá, wọ́n fi í sínú ẹyin èkúté kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di oyún. Omi ìdàgbà yìí, ẹran kékeré kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, tí ó rọ̀ mọ́ abẹ́ ọpọlọ, ni ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni ó ń mú kí ọmọ ga, kí egungun rẹ̀ gùn, kí ẹran ara rẹ̀ kún. Nígbà tí àtùpà yìí bá ń jó ní àjójù lára àwọn èkúté náà, àwọn kan nínú wọn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ọmọ ìyá wọn. Wọ́n gbé àwòrán òmìrán kan àti ọmọ ìyá rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Nature, gbogbo ayé sì ń wò ó.

Ó dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n bí àwọn onímọ̀ ti ń sin irú àwọn òmìrán bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n rí i pé wọn kì í pẹ́. Kíndìnrín wọn a tètè bàjẹ́, ara wọn a tètè gbó, wọn a sì kú ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò tóbi.

Ẹ wá wo ìdàkejì. Ní ọdún 1929 ni George Snell ti kọ̀wé nípa irú èkúté aràrá kan. Ní ọdún 1961, a tún kọ̀wé nípa irú mìíràn tí ó jáde ní ìlú Ames ní ìpínlẹ̀ Iowa. Àbùkù jíìnì kan ni kò jẹ́ kí ẹran abẹ́ ọpọlọ wọn pé, nítorí náà wọn kò ní omi ìdàgbà. Wọn kò tó ìdajì ẹgbẹ́ wọn. Ta ni yóò wo irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ tí yóò sọ pé òun ni yóò pẹ́? Síbẹ̀, nígbà tí Holly Brown-Borg, Andrzej Bartke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jẹ́ kí àwọn aràrá Ames yìí gbé ìgbé ayé wọn títí tí wọ́n fi kú fúnra wọn, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1996 ni pé akọ wọn fi nǹkan bí ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́ ju ọmọ ìyá rẹ̀ lọ, abo sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyẹn ro ti ènìyàn wò: bí ẹni tí ìbá kú ní ọgọ́rin ọdún bá lọ di ẹni ọgọ́fà.

Èyí tí ó tún yà wá lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni ti John Kopchick ní Ohio University. Ní ọdún 1997, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èkúté tí omi ìdàgbà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ di adití sí i. Wọ́n ti mú jíìnì tí ń gbọ́ ìpè náà kúrò. Omi ìdàgbà ń kan ilẹ̀kùn, onílé kò dáhùn. Àwọn èkúté wọ̀nyí náà kéré, àwọn náà sì pẹ́. Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún onímọ̀ tí èkúté rẹ̀ bá pẹ́ jù, tí wọ́n fi orúkọ Mètúsélà inú Bíbélì sọ ọ́, irú èkúté yìí kan tí Bartke sìn ni ó gba ẹ̀bùn náà ní 2003. Ọjọ́ 1,819 ni ó lò láyé. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí ó pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Kí ló fa èyí? Bí omi ìdàgbà bá dé inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ yóò tú èròjà mìíràn jáde tí ó jọ ínsúlíìnì, èyí ni yóò lọ máa pàṣẹ fún gbogbo ara pé: ẹ kọ́, ẹ kọ́, ẹ kọ́. Bí àṣẹ yìí bá pọ̀, sẹ́ẹ̀lì a máa pín, a máa tóbi, kì í ráyè gbá ilé rẹ̀ tàbí tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ó dà bí onílé tí ó ń kọ́ àjà lé àjà nígbà tí òrùlé ń jò. Bí àṣẹ náà bá rọlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì a gbájú mọ́ àtúnṣe, ínsúlíìnì díẹ̀ a tó o lò, jẹjẹrẹ kò sì tètè rí ibi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn àgbà wa ti ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ó kan omi abẹ́ ọpọlọ èkúté.

Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ni ó ní iye owó rẹ̀. Òtútù a máa tètè mú àwọn èkúté aràrá yìí, àwọn onímọ̀ a sì máa fi wọ́n sínú àpótí kan náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó tóbi kí wọ́n lè máa fara mọ́ra wọn. Abo Ames kì í bímọ. Bí wọ́n bá tú wọn sí inú oko tàbí sí àjà ilé wa lónìí, ológbò ni yóò sọ iye ọjọ́ tí wọn yóò lò.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà wa. Kí ni ó wà nínú ọjà tí àwọn olówó ń rà jù láti fi gba ìgbà èwe padà? Omi ìdàgbà náà ni. Ohun tí èkúté pàdánù tí ó fi pẹ́, òun ni wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́ sára àgbàlagbà kí ó lè pẹ́. Ibi tí èyí ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ní ọdún 1990, dókítà Amẹ́ríkà kan, Daniel Rudman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mú àgbà ọkùnrin 21 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 61 àti 81. Wọ́n fún 12 nínú wọn ní abẹ́rẹ́ omi ìdàgbà fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀rá ara àwọn méjìlá náà dín, ẹran ara wọn pọ̀ sí i, awọ ara wọn nípọn díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ènìyàn méjìlá, oṣù mẹ́fà. Iṣẹ́ náà kò dán an wò rárá bóyá wọ́n pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti ń gbé e kiri bí ẹni gbé ìwé ẹ̀rí, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, New England Journal of Medicine, fi ní láti kìlọ̀ ní 2003 nípa bí wọ́n ti ń lò ó polówó. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá kò gbà kí a máa pín omi ìdàgbà fún ènìyàn nítorí ogbó.

Nígbà tí a sì wo àwọn àgbà tí ó gba abẹ́rẹ́ náà dáadáa, ara wọn a máa wú, oríkèé a máa ro wọ́n, ọwọ́ a máa kú tipiri, àtọ̀gbẹ a sì máa súnmọ́ wọn. Àrùn kan tilẹ̀ wà tí a lè fi wo ohun tí omi yìí ń ṣe bí ó bá pọ̀ lára àgbàlagbà. Kókó kan yóò hù sára ẹran abẹ́ ọpọlọ, omi ìdàgbà yóò máa dà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni náà yóò máa fẹ̀, bàtà tí ó ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní gbà á mọ́, àgbọ̀n rẹ̀ yóò gùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn yóò tẹ̀lé e. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, kì í pẹ́ tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Òmìrán èkúté 1982 ni ó jọ, kò jọ aràrá Ames.

Ní ti èyí tí wọ́n ń tà ní ìyẹ̀fun àti ní omi mímu, ẹ rántí pé omi ìdàgbà jẹ́ irú èròjà kan náà tí ó wà nínú ẹran àti ẹyin. Bí a bá gbé e mì, inú yóò dà á bí ó ti ń da ẹ̀wà. Abẹ́rẹ́ ni ó lè gbé e dé inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ra ti inú ìgò pàdánù owó rẹ̀, ẹni tí ó gba ti abẹ́rẹ́ láìsí àìsàn tí ó bèèrè fún un fi ara rẹ̀ tọrọ. Èwo ni ó sàn nínú méjèèjì?

Ẹnìkan lè sọ pé èkúté kọ́ ni ènìyàn. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn ará Ecuador kan fi ṣe pàtàkì. Ní gúúsù ilẹ̀ náà, àwọn ìdílé kan wà tí a ń bí ọmọ tí ara wọn di adití sí omi ìdàgbà, bí ti èkúté Kopchick gẹ́lẹ́. Wọ́n kúrú gan-an. Dókítà Jaime Guevara-Aguirre tọ́jú àwọn 99 nínú wọn fún ọdún 22, òun àti Valter Longo sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó ní àtọ̀gbẹ láàárín wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó ní jẹjẹrẹ, kò sì pa á. Àwọn ẹbí wọn tí ó ga, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ kan náà, ń ní àìsàn méjèèjì bí gbogbo ènìyàn. Ẹ máa gbọ́ o: àwọn kúkúrú wọ̀nyí kò pẹ́ láyé ju àwọn ẹbí wọn lọ. Ìjàm̀bá ń pa wọ́n, ọtí ń pa wọ́n. Jíìnì gbà wọ́n lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀nà mọ́tò. Nínú gbogbo ohun tí a ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni a rò pé ó yẹ kí a kọ sára ògiri.

A kò ní ṣe ojúsàájú. Oògùn kan wà tí ó ń mú èkúté pẹ́ ní tòótọ́. Ní ọdún 1964, àwọn oníṣègùn láti Kánádà bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù kan tí ó dá wà láàárín òkun Pàsífíìkì, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Rapa Nui. Wọ́n bu erùpẹ̀ ibẹ̀ bọ̀. Nínú erùpẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ oògùn ní ìlú Montreal ti rí kòkòrò àìfojúrí kan tí ó ń sun oje kan, wọ́n sì sọ oje náà ní rapamycin. Oje yìí a máa mú kí sẹ́ẹ̀lì rò pé oúnjẹ kò pọ̀ nílé, kí ó fi kíkọ́ sílẹ̀, kí ó dojú kọ àtúnṣe. Ilé ìwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà dán an wò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Wọn kò rí ọ̀nà tí oògùn náà yóò fi dé ìfun láìbàjẹ́ bọ̀rọ̀, kí wọ́n sì tó rí i, èkúté wọn ti di ọmọ 600 ọjọ́, èyí tí ó dà bí ẹni ọgọ́ta ọdún nínú ènìyàn. Wọ́n fún wọn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ abo tí ó pẹ́ jù nínú wọn fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́ sí i, akọ fi ìdá 9. Àgbà tí ó ti gbó kò pẹ́ jù fún àtúnṣe. Inú wa dùn sí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ni oògùn yìí nílé ìwòsàn? Òun ni a ń fún ẹni tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún, láti fi tẹ agbára tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ara má bàa kọ kíndìnrín àjèjì. Ó ń dá egbò sí ẹnu, ó ń gbé ọ̀rá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná. Èkúté ilé ìwádìí ń gbé nínú àpótí tí a fọ̀ mọ́, oúnjẹ rẹ̀ mọ́, omi rẹ̀ mọ́, ẹ̀fọn kò kùn sí i létí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nínú ìgboro wa, tí ibà ń gbé yín ṣubú lọ́dọọdún, tí omi ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá, ṣé irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ máa rà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lórí fóònù?

Ọ̀rọ̀ àìjẹun náà kò rọrùn tó bí àwọn kan ti ń pè é. Láti ọdún 1935 ni Clive McCay ní Cornell ti fi hàn pé eku tí a dín oúnjẹ rẹ̀ kù, tí kò sì ṣàìní èròjà aṣaralóore, a máa pẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2010, àwọn onímọ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí wọ́n dín oúnjẹ irú èkúté 41 kù ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú tí ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrú sí i pọ̀ ju irú tí tirẹ̀ gùn sí i lọ. Ohun kan náà, jíìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àbájáde ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó ń febi pa ara rẹ̀ nítorí ó gbọ́ pé èkúté ń pẹ́ kò mọ irú èkúté tí òun jẹ́.

Èyí tí ó yẹ kí ó kan àwa ìdílé jù lọ ni jíìnì kan tí Makoto Kuro-o àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní Japan ní 1997. Wọ́n pè é ní Klotho, orúkọ òrìṣà obìnrin kan tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ gbà pé ó ń ran òwú ìwàláàyè. Èkúté tí kò ní jíìnì yìí di arúgbó kí ó tó di géńdé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ le, egungun rẹ̀ rọ, awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ní nǹkan bí oṣù méjì ó ti kú. Ní 2005, wọ́n tan àtùpà yìí kí ó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lára èkúté mìíràn. Akọ fi ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́ sí i, abo fi nǹkan bí ìdá 19.

Ẹ mọ ibi tí àtùpà Klotho ti ń jó jù nínú ara? Inú kíndìnrín ni. Bí kíndìnrín bá sì ti ń kú lọ, Klotho ń rẹ̀ wálẹ̀. Kí ni ó ń pa kíndìnrín àwọn ènìyàn wa jù? Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú, àti àwọn oògùn ìrora tí a ń gbé mì bí ẹni jẹ guguru. Kò sí ìgò kankan tí a lè rà lónìí tí yóò yí òwú Klotho sókè fún wa, ṣùgbọ́n ilé tí àtùpà náà wà, ọwọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Kí a lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bí ara kò tilẹ̀ ro wá, nítorí kì í ro ni títí tí yóò fi dá ni lẹ́sẹ̀. Kí a yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò fún ṣúgà. Kí iyọ̀ inú oúnjẹ ọjọ́ kan, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú mágì, má ju ṣíbí tíì kékeré kan lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò wọ́n tó ìgò ìgbà èwe, ẹ lọ bèèrè iye rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Nínú ìdílé tiwa, a kì í pẹ́," àwọn mìíràn yóò ní, "Ìran wa a máa gbó, kò sí ohun tí ń ṣe wá." Àwọn méjèèjì ni ó ń sá fún dókítà. Ẹ jẹ́ kí a fi ti ilé wa dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun ti University College Hospital, Ìbàdàn, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lára àwọn àgbà tí ó ti lé ní ẹni ọdún 65 ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti lára àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àrùn ìgbàgbé tí à ń pè ní Alzheimer ni wọ́n ń wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti kú ní 1995, ṣùgbọ́n èsì náà jáde ní 2001. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, àwọn tí ó ń kó sínú àrùn náà lọ́dún ní Indianapolis jẹ́ 2.52, ti Ìbàdàn jẹ́ 1.15. Jíìnì kan tí à ń pè ní APOE ní irú kan tí ó máa ń ti ènìyàn sínú àrùn yìí. Irú náà wà káàkiri ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò lágbára níbẹ̀ bí ó ti lágbára ní Indianapolis. Àwọn olùwádìí tọ́ka sí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn tí ó kéré, èyí tí oúnjẹ àti ìgbé ayé wọn fà.

Ìdíkàn 1992 ni à ń sọ o. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn jẹ àmàlà pẹ̀lú ewédú, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ọmọ ọmọ wọn tí ó jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tí ó ń fi mínírà tutù sin ìndómì, jogún jíìnì wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jogún ẹsẹ̀ tí wọ́n fi rìn. A kò rí ìdí tí yóò fi máa fi wọ́n yangàn.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti ń lo ọ̀kan nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà yín, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ. Ẹ gbé ìgò náà dání lọ, kí ẹ gbé e lé orí tábìlì rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń wú, tàbí tí ìtọ̀ yín ń hó bí ọṣẹ, ẹ lọ lónìí. Nígbà mìíràn tí ẹnìkan bá sì fi nọ́ńbà NAFDAC hàn yín lára ìgò, tí ó ní ìjọba ti fọwọ́ sí i, ẹ wọ awò ojú yín, kí ẹ ka lẹ́tà wíńńíwíńní tí ó wà nísàlẹ̀. Lára púpọ̀ nínú àwọn àgbo inú ìgò àti oògùn afáralókun, ohun tí a kọ síbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé oògùn náà lè ṣe wò. Ẹ ní kí ó kà á sókè fún gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì.